Ẹni Tó Fẹ́ Gbẹ́ Sókàwéè Sínú Pálọ̀

Gbogbo ẹja òkun tí a mọ̀ ní Ìpájà, inú páálí ni wọ́n ti ń bá wa wọ̀lú. Títúùsì, kòtẹ́, pánlá, gbogbo wọn ti gan gbagidi kí ọkọ̀ tó já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù oníyìnyín. Wọn ò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì bèèrè yanrìn. Ìyá ẹlẹ́ja á fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó sanwó, ẹ ó gbọ̀nà ilé, ata ti wà lórí iná. Àjọṣe àwa àti òkun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti tẹ́ wa lọ́rùn tipẹ́.

Àfi ẹ̀yin, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ ní ẹja òkun tó ń mí ni ẹ ó máa bá gbélé. Mi ò ní dárúkọ yín, nítorí àwọn ọmọ yín ń lọ síléèwé, àwọn ẹgbẹ́ wọn ò sì láàánú. Kí n kàn sọ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé, ẹ sì ti ra àpótí gíláàsì kan tí òòró rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Bó bá kún dẹ́nu, lítà 54 ni omi inú rẹ̀. Ìpájà tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà! Ayọ̀bọ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, ìpínlẹ̀ Ògùn wà lẹ́yìn Ayọ̀bọ̀, ibí yìí gan-an lẹ jókòó sí tí ẹ̀ ń wá ìgbì. Ṣé Badagry ti kún ni?

Ọjọ́ tí ẹ lọ sí etí òkun lọ pọnmi, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò jẹ́ kí ẹ tètè dé. Òru lẹ wọlé, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi iyọ̀ àti yanrìn nínú àpò. Bọ̀ọ̀dá, ní Èkó yìí, ẹni tó bá ń gbé omi òkun àti yanrìn wọlé lóru, tí kò wọ aṣọ funfun, tí kò mú agogo lọ́wọ́, kí ló fẹ́ kí aládùúgbò rò? Kílẹ̀ tó mọ́, kọmpáùndì ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ní ẹ ti dá ìjọ sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹ ti wọ ẹgbẹ́. Ìyá aládùúrà tó ń gbé nísàlẹ̀ ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ike ni wọ́n mú wá, wọ́n ní kí ẹ bu díẹ̀ sí i, àwọn ń lọ sí ìṣọ́ òru. Ìgbà tí ẹ wá ṣàlàyé fún wa pé ẹja ni ẹ fẹ́ fi sìn ni ẹ̀rù tó bà wá gan-an.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ ẹ la ẹnu yín, ẹ bèèrè níwájú gbogbo wa pé: báwo ló ṣe yẹ kí yanrìn ìsàlẹ̀ yìí jìn tó?

A kì í bi ará Ìpájà ní irú ìbéèrè yẹn. Ìdajì wa ló ní ilẹ̀ tí a ò tíì kọ́ tán, ìdajì tó kù ń wá ilẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe kọ̀ńtírákítọ̀ níbí. Bíríkìlà ní náìn-íńṣì, kí ẹ sì fi ọ̀pá irin sí i. Awakọ̀ típà ní kí ẹ yé ra àpò-àpò, kí ẹ gba ìdajì típà, ìyókù ẹ lè fi rẹ́ ilé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹja fi nílò yanrìn, àlàyé yín sì gùn débi tí wọ́n sùn lọ. Bàbá onílé ò sọ púpọ̀. Wọ́n kàn fẹ́ mọ bí gbogbo ẹ̀ yóò ṣe wúwo tó lórí dẹ́kìn àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá bàbá lóhùn, torí ìbéèrè wọn nìkan ló ní làákàyè nínú gbogbo ìpàdé yẹn. Bí ẹ bá da yanrìn íńṣì mẹ́rin, ìyẹn 10 sẹ̀ǹtímítà, sínú àpótí yẹn, lítà yanrìn 18 nìyẹn. Lítà yanrìn gbígbẹ kan máa ń tó kílò kan ààbọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Ó ti di kílò 27 kí ẹ tó bu omi kọ́ọ̀pù kan sí i. Ẹ wá fi omi, òkúta, gíláàsì àti tábìlì kún un, ẹ óò rí i pé ẹni tó yẹ kí bàbá fún ní rísíìtì owó ilé ni àpótí yẹn. Tó bá jẹ́ íńṣì kan ni ẹ dà sí i, lítà mẹ́rin ààbọ̀ ni, kílò bíi méje, bàbá á sùn dáadáa.

Kí a tún wo ọ̀ràn náà láti ọ̀dọ̀ ẹja. Àpótí tí gíga rẹ̀ jẹ́ 30, ẹ fi yanrìn 10 sí i. Ìdá kan nínú mẹ́ta ilé ẹja ti di ilẹ̀. Àwọn àgbà ní omi kì í kún bo ẹja lójú. Wọn ò sọ pé yanrìn ò lè bò ó.

Síbẹ̀, n ò ní purọ́ mọ́ àwọn tó fẹ́ kí ó jìn, wọ́n ní ìdí. Ẹja ń jẹun, ó ń ṣu, ó ń tọ̀. Ohun tó bá ti ara rẹ̀ jáde á di amóníà, amóníà sì lè pa á. Àwọn bakitéríà kan wà lára òkúta àti lójú yanrìn, tí wọ́n ń lo ọ́síjìn. Àwọn ló ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, tí wọ́n á tún sọ náítíráìtì di náítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwọn parí sí. Náítíréètì á máa pọ̀ sí i nínú omi títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ nísàlẹ̀ yanrìn tó jìn, níbi tí ọ́síjìn ò lè dé, bakitéríà mìíràn ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń já ọ́síjìn gbà lára náítíréètì. Ohun tó kù á di náítírójìn, á yọ jáde lójú omi, á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé Ìpájà, ṣé ẹ ti mọ ohun tí mò ń ṣàpèjúwe? Sókàwéè ni! Gbogbo wa gbẹ́ sókàwéè sí ẹ̀yìnkùlé, a fi kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀, a ò sì fẹ́ kí àlejò béèrè ibi tó wà. Bọ̀ọ̀dá wa ní pálọ̀ làwọn fẹ́ gbẹ́ ti àwọn sí, ògiri onígíláàsì, iná aláwọ̀ búlúù lókè rẹ̀, àga méjì níwájú rẹ̀ kí àwọn àti ìyàwó lè máa wò ó lálẹ́.

Ẹni tó bá sì ti gbẹ́ sókàwéè rí mọ òfin rẹ̀: a kì í gbẹ́ ẹ dé ààbọ̀, bó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, a kì í rú u. Ibi tí mo ti wá fẹ́ bá yín jà nìyí, bọ̀ọ̀dá, nítorí ìgbà tí gbogbo wa pariwo tán, ẹ ní ẹ ti gbọ́ tọ̀tún, ẹ ti gbọ́ tòsì, ẹ ó fi íńṣì méjì ààbọ̀ sí i, kí inú gbogbo èèyàn lè dùn. Ṣé ẹ fẹ́ dupò káńsẹ́lọ̀ ni? Íńṣì méjì sí mẹ́ta ni ibi tó burú jù. Kò tẹ́ẹ́rẹ́ tó kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì jìn tó kí àwọn bakitéríà ìsàlẹ̀ lè rí ilé gidi gbé. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀ á wọ inú rẹ̀, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa jẹrà. Ẹ óò rí i tí dúdú á máa hàn láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó ní òun ń wá ọkọ̀ ìṣeré òun, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ ló máa jáde. Háídírójìn sọ́fáìdì ni gáàsì yẹn, májèlé ni, omi inú àpótí lítà 54 ò sì pọ̀ tó láti là á fún ẹja kí ó má ṣe é ní jàǹbá. Ìyá aládùúrà ìsàlẹ̀ á sì sọ pé àwọn ti rí i lójú ìran.

Ẹ má rò pé Ìpájà nìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn òyìnbó ti fi ọ̀rọ̀ yanrìn da ara wọn láàmú kí ẹ tó ra gíláàsì. Ní Jámánì, àwọn ará Berlin ní tiwọn ní kí wọ́n yọ yanrìn kúrò pátápátá. Òkúta òkun tí bakitéríà kún inú rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fi ìfóòfó gbá ìdọ̀tí jáde, ó tó. Ní Monaco, létí gúúsù Faransé, ọ̀jọ̀gbọ́n Jean Jaubert ní rárá. Láàárín àwọn ọdún 1980 ló ní kí wọ́n da yanrìn sí i, kí ó nípọn, kí wọ́n sì fi àlàfo omi sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ó gbẹ́ sókàwéè, ó tún kọ́ yàrá kan sábẹ́ ẹ̀! Ọmọ Ìpájà ni bàbá yẹn, wọ́n kàn bí i síbòmíràn ni. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ron Shimek dìde ní Amẹ́ríkà, tó ní kí wọ́n pa yàrá ìsàlẹ̀ tì, kí yanrìn kíkúnná ṣáà jìn, kí aràn àti kòkòrò wẹ́wẹ́ máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n máa rú u díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2005, Rob Toonen àti Christopher Wee fi àpótí oríṣiríṣi dánra wò, àwọn kan ní yàrá abẹ́ yanrìn, àwọn kan ò ní. Wọ́n wọn omi wọn, wọ́n sì rí i pé yàrá yẹn ò yí ohunkóhun padà. Ẹ ronú nípa gbogbo ẹni tó ti fi ike, nẹ́ẹ̀tì àti páìpù kọ́ ilé alájà sábẹ́ ẹja. Ẹ bá mi kí wọn kú ìnáwó.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn ò sì fi sínú ìṣirò wọn ni “Ọ̀pù NÉPÀ!” Orúkọ NEPA, iléeṣẹ́ iná, ti kúrò nínú ìwé láti 2005, àwa ṣì ń fi kígbe. Ní 2024, àpapọ̀ iná orílẹ̀-èdè yìí dojú dé ju ìgbà mẹ́wàá lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Kí ni yanrìn fi kàn án? Ó kàn án púpọ̀. Gbogbo ohun abẹ̀mí inú yanrìn tó nípọn yẹn, aràn o, kòkòrò o, bakitéríà òkè o, wọ́n ń mí. Bí ẹ̀rọ tó ń yí omi bá dákẹ́, wọ́n á máa bá ẹja du ìwọ̀nba ọ́síjìn tó wà nílẹ̀. Omi tó bá sì gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Ẹja òkun wọ̀nyí fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín lóṣù kẹta, nígbà tí iná bá lọ, tí páànù ń pọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí yín, ẹ̀yin fúnra yín ò lè gbé inú ẹ̀.

Ọkùnrin tó ń sin àrọ̀ sínú tapólíìnì lẹ́yìnkùlé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àrọ̀ tirẹ̀, bí ọ́síjìn bá tán nínú omi, á yọ orí síta, á fa afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run símú, á padà sísàlẹ̀. Ẹja òkun yín ò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, wọn ò bí i sí Alímọ̀ṣọ́ tiwa níbí. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa tan jẹnẹrétọ̀ fún un. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ epo ni gbogbo wa ti mọ iye tí epo ń jẹ́. A ti ń rò ó: àwọn ọmọ yín á jókòó sókùnkùn, wọ́n á máa fi páálí fẹ́ ara wọn, ẹja á wà nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù, fáànù kékeré á máa fẹ́ ẹ lórí. Bí ẹ bá fẹ́ kí epo yẹn dínkù, kí ẹ̀mí tó ń mí nínú yanrìn má pọ̀ ju èyí tí bátìrì kékeré kan lè gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo íńṣì kan.

Ẹ tún ní ẹ fẹ́ ra yanrìn láti Bahamas. Ará Ìpájà, ẹ bá mi dá sí i. Ẹni tó ń gbé ní Èkó, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn dí òkun kí àdúgbò Eko Atlantic lè rí ilẹ̀ dúró sí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn láti inú ọ̀sà tọ̀sán-tòru, ẹni náà ní yanrìn tòun á wọ ọkọ̀ òkun wá! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín dójú ikú, ṣùgbọ́n ẹ gba díẹ̀ níbẹ̀, mo gbà. Yanrìn ọ̀hún, aragonite, jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú karawun. Bí omi bá fẹ́ máa kan, á yọ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, á bá yín fà á padà. Yanrìn tiwa jẹ́ quartz, kì í yọ́, kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni lára bí ẹ bá fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kó kán fínígà sórí yanrìn gbígbẹ: tó bá ń hó ṣùùṣùù, ti karawun ni, tó bá dákẹ́ tó ń wò yín, ọmọ Èkó ni. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ, karawun òkun lílọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tà kí ẹyin adìẹ lè ní èèpo tó le. Ó ń hó dáadáa, àmọ́ ó máa ń tóbi jù, ìdọ̀tí á máa sá pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ lè fi díẹ̀ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Adìẹ tó bá rí yín níbẹ̀, ẹ kí i.

Mi ò ní fi ti omi ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Omi inú àpótí á máa gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ ò ní gbẹ, omi tí kò níyọ̀ ni ẹ ó sì máa fi dí i kí iyọ̀ rẹ̀ má baà kọjá gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ẹ má bu omi kànga sí i láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní Bárúwà níbí, láti àwọn ọdún 1990 ni epo bẹntiróòlù tó jò látinú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti wọ inú kànga àwọn èèyàn, tí wọ́n ń fa omi tí epo ń léfòó lójú rẹ̀. Èèyàn ń ra omi mu nítorí ẹ̀. Ẹja ò lè sọ tẹnu rẹ̀.

Ó dáa, ẹ ní ẹja tí ẹ ń wá fẹ́ràn àtimáa gbẹ́lẹ̀. Edé òkun kan wà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, òun ló ń gbẹ́ ihò, tó ń ru yanrìn jáde láàárọ̀ dalẹ́. Ẹja gobi kan á wá bá a gbé ihò náà, kò ní gbẹ́ ohunkóhun, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, tí yóò máa wo ẹni tó ń bọ̀. Edé á fi ìwo rẹ̀ kan ẹja lára, bí ewu bá dé, ẹja á gbọn ìrù, àwọn méjèèjì á wọlé. Ní Ìpájà, gbogbo wa mọ irú àwọn méjì yẹn: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń jẹ́ sìkiọ́rítì. Bó bá jẹ́ àwọn ni ẹ fẹ́, ẹ lè wọ́ yanrìn jọ sí kọ̀rọ̀ kan kó tó íńṣì méjì, torí edé fúnra rẹ̀ á máa rú u, kò ní jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé òkúta kalẹ̀ sórí gíláàsì o, kí ẹ tó da yanrìn yí i ká. Edé yẹn kò bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbẹ́ abẹ́ ilé. Bí òkúta bá jókòó lórí yanrìn, á wó, ìròyìn ilé tó wó ní Èkó sì ti pọ̀ tó láìsí tiyín.

Àmọ́ mo mọ̀ yín. Nemo lẹ fẹ́. Láti 2003 tí fíìmù Nemo ti jáde ni olúkúlùkù ti ń wá ẹja aláwọ̀ ọsàn yẹn káàkiri, ẹja tí kò sí nínú òkun wa rárá, òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Kò tiẹ̀ bìkítà fún yanrìn yín. Ẹ wá wo kribensis, ẹja kékeré tí ikùn rẹ̀ ń pọ́n, odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn òyìnbó ń sìn ín nínú pálọ̀ wọn, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó, ẹ̀yin tó ni ín ń fi owó ilé ra èyí tó ti òdìkejì ayé wá. Omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé. Mo kàn dárúkọ rẹ̀ ni, mi ò fa ẹnikẹ́ni láṣọ.

Bí ẹ bá ṣì tẹnu mọ́ ti òkun, ẹ da íńṣì kan yẹn sí i, ẹ gbé àwo lé e lórí, ẹ rọra máa da omi sórí àwo náà kí yanrìn má baà rú. Lẹ́yìn náà ẹ ó dúró. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn bakitéríà tó gbilẹ̀ tí amóníà á fi tán nínú omi, ẹja kankan ò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Apá yìí ni mo ti ń retí látọjọ́ tí ẹ ti ra gíláàsì. Iná búlúù á máa tàn, ẹ̀rọ á máa kùn, jẹnẹrétọ̀ á máa mu epo, yanrìn nìkan ni yóò sì wà nínú ilé. Àna yín á dé láti Ìbàdàn, wọ́n á jókòó sórí àga tí ẹ tò síwájú rẹ̀, wọ́n á wo yanrìn náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. Wọ́n á wá pe ìyàwó yín sí kọ̀rọ̀, wọ́n á bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí?